Bọ́bìnì Tó Kún Dé Etí

Agogo méjì ọ̀sán lù, géètì ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìsọlọ̀ sì tú ènìyàn síta bí ẹni tú àpò ẹ̀wà. Àwọn tó ṣiṣẹ́ àárọ̀ ń jáde, àwọn tó máa ṣiṣẹ́ ọ̀sán ń wọlé, èjìká ń gbá èjìká, àwọn aṣọ́nà sì ń tú báàgì obìnrin kọ̀ọ̀kan wò bóyá ẹnikẹ́ni jí òwú pamọ́. Àárín rúgúdù yẹn ni Adébímpé ti gbé orí sókè, tí ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ojú ọkùnrin kan tí kò rí rí.

Ọkùnrin náà dúró nídìí bọ́bìnì tí Bàbá Àjọkẹ́ máa ń tà lẹ́bàá géètì. Bọ́bìnì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ká òwú sí. Èyí tó bá ti gbó, ilé-iṣẹ́ á dà á nù, Bàbá Àjọkẹ́ á ṣà á, á tò ó sórí àpò fún ẹni tó bá fẹ́ fi dárà sílé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́bìnì ni Bímpé ń wò. Nínú oòrùn oṣù kẹta tó ń jó ènìyàn lágbárí, ọkùnrin yìí wọ ìbọ̀wọ́ dúdú kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ìbọ̀wọ́ tó nípọn bí ẹ̀yìn táyà. Á fi gbé bọ́bìnì kan, á di ojú, á yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, á mi orí, á gbé e sílẹ̀.

Felicia, ọ̀rẹ́ Bímpé, ni kò lè pa á mọ́ra. "Ẹ wá wo nǹkan o! Bọ̀dá, ṣé òtútù ń mú yín ni, àbí ìlú òyìnbó lẹ ti ń bọ̀ báyìí?"

"Ó ń sá fún oòrùn ni!" obìnrin mìíràn dáhùn. "Ọwọ́ kan ló fẹ́ kó pupa!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò gbé ojú kúrò lára Bímpé. Ọkàn Bímpé já bí òwú ṣe ń já lórí ẹ̀rọ, wìì báyìí, kí ọwọ́ tó kàn án. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ti ń pọn ọmọ kejì, ìyá rẹ̀ sì ń fi gbogbo ìgbà ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Bímpé ń fẹ́ láyé kì í ṣe ọkọ ṣáá. Ẹni tó máa wò ó láàárín ọgọ́rùn-ún obìnrin bí ẹni pé òun nìkan ló dúró níbẹ̀ ló ń fẹ́. Ọjọ́ náà nìyí, ọkùnrin náà nìyí, ó wọ ìbọ̀wọ́ kan.

Kí Felicia tó fà á láṣọ, ó ti dé ìdí àpò. "Kí lẹ fẹ́ fi bọ́bìnì ṣe, bọ̀dá?"

"Mo fẹ́ fi wá ọ̀nà ilé ni."

"Ẹ̀yin náà! Ilé yín ti sọnù?"

"Ní gbogbo ọjọ́ tí mo bá lọ síbi iṣẹ́ ni," ọkùnrin náà wí. Ó sì ṣàlàyé. Adébánjọ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ó ń gbé ní Máfolúkù, ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó kan ló gbà á sí iṣẹ́ abẹ́ omi ní èbúté Àpápá. Ọdún 1975 nìyẹn, ọdún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba kéde, ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń kọ́lé, tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì sì tò sórí òkun Èkó bí èèrà. Ọ̀kan nínú wọn ti rì síbi tí àwọn yòókù fẹ́ gbà. Adébánjọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n á wọ inú ọkọ̀ náà lọ wo ibi tí wọ́n máa gé.

"Inú ibẹ̀ ṣú ju inú ìkòkò lọ," ó wí. "Ẹ gbé ọwọ́ síwájú ojú yín, ẹ ò ní í rí i. Nítorí náà, a máa ń so okùn mọ́ ẹnu ọ̀nà, a ó máa tú u lára kẹ̀kẹ́ bí a ṣe ń wọlé lọ. Tí iṣẹ́ bá parí, a ó máa ká a padà títí a ó fi jáde. Tí okùn bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni níbẹ̀, ká máa pè é ní olóògbé ló kù."

"Ìbọ̀wọ́ yẹn wá ńkọ́?"

"Irin tó ti dípẹtà ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú ìkarahun tó mú bí abẹ. Èèyàn ò lè gbé ọwọ́ lásán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọ ìbọ̀wọ́, kẹ̀kẹ́ tí àwọn òyìnbó fún wa kéré jù, ìka mi kì í wọ ihò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ká òwú ni Bímpé ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin. Kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa bọ́bìnì. Ó kúnlẹ̀ sídìí àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà. "Igi ni èyí, tó bá mu omi á wú. Èyí ti tẹ̀, kò ní í yí dáadáa. Èyí, etí rẹ̀ ti ya, á máa gé okùn yín."

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí," Bàbá Àjọkẹ́ pariwo, "ṣé èmi ni mo rán ẹ pé kí o wá ba ọjà mi jẹ́?"

"Bàbá, ẹ̀mí èèyàn ló máa dá lé e o."

"Ẹ̀mí èèyàn! Kó lọ ra okùn ẹ̀mí ní ṣọ́ọ̀ṣì!"

Adébánjọ bọ́ ìbọ̀wọ́, ó nà án sí i. "Ẹ fi ọwọ́ tiyín wò ó. Ẹ dijú. Ibi tí mò ń lọ, ojú ò wúlò fún nǹkan kan."

Bímpé ti ọwọ́ bọ inú ìbọ̀wọ́. Inú rẹ̀ gbóná, ó rin fún òógùn ọkùnrin náà, ó sì dà bíi pé ẹni náà di òun lọ́wọ́ mú níwájú gbogbo ayé. Ó dijú. Gbogbo ohun tó bá fọwọ́ kàn rí bákan náà, kùbẹ́kùbẹ́, kò mọ igi yàtọ̀ sí irin. Bọ́bìnì kékeré yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òmíràn, ihò rẹ̀ há mọ́ ìka rẹ̀, kò yí. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ ba ọ̀kan tó tóbi bí àwo ọbẹ̀, etí rẹ̀ ga, ihò àárín rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ife. Ìka méjì wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ó sì ń yí wọ̀ọ́ wọ̀ọ́ láìdúró.

"Èyí ni," ó wí.

Nígbà tó la ojú, bọ́bìnì irin funfun kan ló rí, gbàgùdù, kò lẹ́wà rárá. Adébánjọ kò tilẹ̀ wo bọ́bìnì náà. "Òun náà ni," ó wí, ojú Bímpé ló sì ń wò.

Báyìí ni ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Wẹ́dà kan ní Èjìgbò bá wọn ṣe ìkọ́ ńlá sí i, ìkọ́ tí ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ lè ṣí láìwò ó. Láti ọjọ́ náà, tí Bímpé bá ti jáde níbi iṣẹ́, Adébánjọ á ti dúró. Wọ́n á rìn lọ sí Òṣòdì, wọ́n á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, wọ́n á máa jẹ bọ́ọ̀lì, wọ́n á sì máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Bí ó bá pe "Bímpé mi", ọmọbìnrin náà á ní kó tún un pè. Ohun tí ẹlòmíràn ń fi gbogbo ayé wá, ó ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹ̀rù kan ṣoṣo tó sì kù fún un ni pé kí omi má gbà á lọ́wọ́ òun.

Adébánjọ ní ọ̀rẹ́ kan, Rùfáì. Ìyá Rùfáì ló tọ́ àwọn méjèèjì ní Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí ìyá Adébánjọ kú, inú ọ̀sà kan náà ni wọ́n ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Rùfáì ló ń wọ aṣọ iṣẹ́ fún un, òun ló ń fi ìkọ́ kọ́ kẹ̀kẹ́ okùn mọ́ ọn ní ìbàdí, òun ló ń dúró lórí ọkọ̀ títí á fi jáde. Òun náà ló ń ká okùn. Ọjọ́ Àìkú kan ní Máfolúkù, Bímpé rí i níbi tó ti ń ká a, ó sì rí i pé ó dúró nígbà tó ku bí ìka méjì kí okùn kan etí kẹ̀kẹ́.

"Bọ̀dá Rùfáì, ebi ń pa bọ́bìnì yín o!"

Rùfáì rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fún un lóúnjẹ, ìyàwó wa. Tiyín nìkan ló ń jẹ àjẹyó." Ó dìde, ó lọ bu ẹ̀bà. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, Bímpé náà kò sì béèrè.

Ṣùgbọ́n ara ń ni í. Ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ká òwú, bọ́bìnì tí kò kún ìtìjú ni. Fóòmáànù á gbé e sókè lójú gbogbo ènìyàn, á ní, "Ta ló ni èyí tí ebi ń pa?" Ẹni tó ni í á sì fẹ́ kí ilẹ̀ la. Bọ́bìnì tó dára gbọ́dọ̀ kún dé etí, kó le, kó máa dán. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ ọwọ́ Bímpé ní ìyẹn. Kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ mìíràn wà.

Oṣù kẹjọ ni Adébánjọ sọ ọ̀rọ̀ tó lé oorun lójú rẹ̀. Àwàdà ló fi ṣe. Ó ní òun ń lọ sí yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, òun kò ju ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí i mọ́, ni okùn bá tán. "Mo ní, háà, Rùfáì, o ò fẹ́ kí n dé ibi tí wúrà wà!" Ó rẹ́rìn-ín. Bímpé kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tó gbọ́ ni pé okùn tán lọ́wọ́ ẹni tí òun fẹ́ràn nínú òkùnkùn.

Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, Adébánjọ kí ẹ̀gbọ́n Bímpé, Àǹtí Kúnbi, nílé rẹ̀ ní Òkè-Àfá, níbi tí Bímpé ń gbé. Òjò rọ̀, ọ̀nà kún. Ó fi báàgì iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ kó má baà rù ú nínú ẹrẹ̀, ó ní òun á wá mú un ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Àìkú, Bímpé ní iṣẹ́ ọ̀sán. Ó gbé kẹ̀kẹ́ okùn jáde nínú báàgì náà, ó yà sí Òṣòdì, ó ra okùn ọ̀rá irú rẹ̀ gan-an, ó sì wọlé.

Nígbà ìsinmi oúnjẹ, tí àwọn yòókù ń jẹun, ó so okùn tuntun mọ́ ti àtijọ́ pẹ̀lú kókó tí àwọn ahunṣọ ń ta, kókó tí kò lè tú láéláé. Ó gbé bọ́bìnì sórí ẹ̀rọ ìkáwú, ó sì ká a. Ó le. Ó tẹ́jú. Ó kún dé etí, kò sí ibi tí wọ́n lè ti abẹ́rẹ́ bọ̀, ó sì ń dán bí eyín ọmọ tuntun.

"Ẹ̀n-ẹ́n," Felicia wí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. "Tí fóòmáànù bá rí èyí, á fẹ́ ẹ ṣáájú ọmọ Ẹ̀pẹ́ yẹn."

"Kí o má sọ fún un o. Mo fẹ́ kó bá a lábẹ́ omi ni."

"Kó bá kí ni?"

"Kó máa tú u, kó máa tú u, kó má tán. Á mọ̀ pé ẹnì kan wà nílé tó ń ro ti òun."

"Ìfẹ́ ti ba ọpọlọ ẹ jẹ́," Felicia wí, ó sì bu búrẹ́dì fún un.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Bímpé gbé báàgì fún un lẹ́nu ọ̀nà. Síìpù rẹ̀ wà ní títì. Adébánjọ gbé e kọ́ èjìká, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Inú Bímpé dùn débi pé ó kọrin títí ó fi fọ abọ́ tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni dẹ́rẹ́bà ilé-iṣẹ́ wọn wá béèrè rẹ̀ ní géètì.

Ní ilé ìwòsàn, Adébánjọ dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, ó rí róbótó, ó kúrú ju bí ọwọ́ ṣe yẹ kó gùn lọ. Bímpé wò ó, ó wá ibi tí ìka wà, kò rí i.

"Mẹ́rin ni wọ́n gé," Adébánjọ wí. "Àtàǹpàkò nìkan ló kù. Kò lè dá nǹkan kan ṣe."

Bímpé bú sẹ́kún. Ó wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. "Báńjọ, kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló ṣe ọ́?"

"Rùfáì ni."

"Bọ̀dá Rùfáì?"

"Òun ni. Kẹ̀kẹ́ okùn, ó ká a kún dé etí." Ó gbé orí sórí pílò, ó ń wo òkè. "O mọ bọ́bìnì, Bímpé, ṣùgbọ́n o ò mọ omi. Tí kẹ̀kẹ́ bá kún dé etí, tí ọwọ́ rẹ sì wà nínú ìbọ̀wọ́, okùn á máa fò létí rẹ̀ bó o bá ṣe ń yí i. O ò ní í mọ̀. O ò rí i, ọwọ́ rẹ ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń fi ìka méjì sílẹ̀. Ìgbà tí mo máa mọ̀, ó ti di àwọ̀n lára mi. Ó ti wé mọ́ ọwọ́ mi, ó wé mọ́ irin. Mo fà á, kò já. Kókó kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀ rí, mo fà á, kò tú. Mo fi agbára fà á, ni ilẹ̀kùn irin bá wó lé mi lọ́wọ́."

Ẹkún gbẹ lójú Bímpé. Kò sí ohun tó ń dún nínú yàrá náà mọ́ létí rẹ̀ àfi ẹ̀rọ ìkáwú, tó ń yí, tó ń yí.

"Afẹ́fẹ́ mi ti fẹ́ẹ̀ tán kó tó wá yọ mí," Adébánjọ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ta ló yọ ọ́?"

"Rùfáì náà ni. Ó rí ohun tó ṣe, ẹ̀rù bà á. Ṣé o mọ ohun tó sọ fún àwọn ọ̀gá? Ó ní òun rí i pé kẹ̀kẹ́ kún nígbà tóun ń kọ́ ọ mọ́ mi ní ìbàdí, òun rò pé èmi ni mo fi kún un, torí mo ti ń ráhùn pé okùn ò tó. Èmi! Ṣé ẹni tí kò gọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀? Irọ́ ló pa. Ipò mi ló ń wù ú. Ọjọ́ pẹ́ tó ti fẹ́ máa wọ omi, tí wọ́n ní kó máa dúró lókè."

Ẹnu Bímpé là. Ó fẹ́ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Bí Adébánjọ bá ti dákẹ́ ní ìṣẹ́jú yẹn, bóyá ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ ó yí ojú sí i, omi wà lójú rẹ̀, ó sì wí pé, "Ìwọ nìkan ló kù fún mi. Ṣé wàá fẹ́ ọkùnrin tí kò lọ́wọ́?"

Ọkùnrin tó wo òun láàárín ọgọ́rùn-ún obìnrin nìyí. Ojú kan náà ló fi ń wò ó yìí. Bímpé gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Màá fẹ́ ẹ," ó wí. "Ọ̀la gan-an, màá fẹ́ ẹ."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ilé-iṣẹ́ náà fi lé Rùfáì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Adébánjọ ló fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí lé e lórí. Fún òun fúnra rẹ̀, wọ́n wá iṣẹ́ sítóò fún un, kó máa jókòó, kó máa ka nǹkan tó wọlé àti èyí tó jáde. Àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í múra mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Bímpé rù, aṣọ rẹ̀ ń já bọ́ lára.

"Ṣé o ti sọ fún un?" Felicia bi í níbi tí wọ́n ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́.

"Rárá."

"Ó dáa. Má sọ ọ́ láyé ẹ. Ta ló mọ̀? Èmi àti ìwọ. Èmi ò sì ní ẹnu."

"Felicia, èmi ni mo gé e lọ́wọ́."

"Irin ló gé e lọ́wọ́! Ṣé ìwọ lo ní kí ọkọ̀ rì? Wò ó, ọkùnrin tó ń wo èèyàn bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń rí i. Fi ọ̀rọ̀ sínú, kó o fi ṣe ilé."

Ó gbìyànjú láti fi ṣe ilé. Ó ń lọ sí Máfolúkù lójoojúmọ́, ó ń gé ẹran sí wẹ́wẹ́ fún un, ó ń bá a de bọ́tìnnì. Bó bá sì ti ń de bọ́tìnnì lọ́wọ́, Adébánjọ á máa bú Rùfáì. Kò sí oúnjẹ tí wọ́n jẹ tí kò bú Rùfáì sí. Ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà kan ti kú sínú omi, ẹni tó jáde wá kò mọ̀ ju ìkórìíra lọ. Bímpé á sì máa ní, "Mm." Ìyẹn nìkan ló lè sọ. "Mm."

Ní oṣù kọkànlá, Bímpé jáde ní géètì ní agogo méjì, ó sì rí Rùfáì níbi tí Bàbá Àjọkẹ́ ń pàtẹ sí. Eruku sìmẹ́ǹtì ti bo irun orí rẹ̀. Ó ń ru àpò sìmẹ́ǹtì báyìí fún àwọn tó ń kọ́lé ní Òṣòdì.

"Ìyàwó wa," ó wí, ó sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Bímpé dì í mú ní apá.

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹnu yín nìkan ló lè gbọ́. Kì í ṣe torí iṣẹ́ o. Iṣẹ́ á wá. Ṣùgbọ́n mi ò ní arákùnrin mìíràn. Mo lọ kí i, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo kí i lójú pópó, ó tutọ́ sílẹ̀."

"Bọ̀dá Rùfáì..."

"Mo fi Kùránì búra fún un pé èmi kọ́ ni mo ká a. Mo mọ̀ pé mo fi ìka méjì sílẹ̀, mo mọ̀ ọ́n." Ó dúró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, sìmẹ́ǹtì sì fa ìlà funfun sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí i, ìyàwó, ó ti ṣe mí báyìí pé mi ò mọ̀ mọ́. Tí mo bá ru àpò, màá máa rò ó. Okùn ò kàn lè fi ara rẹ̀ kún. Bóyá àárẹ̀ mú mi lọ́jọ́ yẹn. Bóyá èmi ni mo ká a bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ tí mo gbàgbé. Ẹ sọ fún un pé mo gbà. Ẹ sọ fún un pé èmi ni. Kó ṣáà dárí jì mí."

Bímpé ń wo ìlà funfun yẹn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin tí kò ṣe nǹkan kan, tó ń tọrọ ẹ̀ṣẹ̀ òun kó lè fi ṣe tirẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn ló ya bébà kan nínú ìwé tí Àǹtí Kúnbi fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó sì kọ lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ya á tó tún un kọ. Èyí tó kù kò gùn: "Báńjọ mi, èmi ni mo ra okùn sí i. Èmi ni mo ká a lórí ẹ̀rọ, mo sì ká a kún dé etí, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi. Èmi ni mo ta kókó yẹn. Mo gbọ́ ohun tó o sọ ní ilé ìwòsàn, mo sì dákẹ́, torí pé mi ò fẹ́ pàdánù rẹ. Rùfáì kò mọ nǹkan kan. Lọ bẹ̀ ẹ́. Èmi, ṣe mí bó o bá ṣe fẹ́."

Ó ká a sínú àpò ìwé, ó fi sínú báàgì. Ó gbé e lọ sí Máfolúkù ní Ọjọ́rú, ó gbé e padà. Ó gbé e lọ ní Ọjọ́ Ẹtì, Adébánjọ ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó ti rí yàrá méjì tí wọ́n máa gbà ní Ìsọlọ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó ń júwe ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà. Ó gbé e padà. Àpò ìwé náà ti ń dọ̀tí létí.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó ku ọjọ́ mẹ́fà sí mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Adébánjọ jókòó nídìí tábìlì, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń buwọ́ lùwé. Inú rẹ̀ dùn.

"Mo gbàgbé láti sọ fún ẹ," ó wí. "Ìyá wá láti Ẹ̀pẹ́ lánàá."

"Ìyá wo?"

"Ìyá Rùfáì. Wọ́n kúnlẹ̀ síbi tó o dúró sí yẹn. Arúgbó! Wọ́n ní kí n rántí pé ọmú kan náà làwọn fi wo èmi àti ọmọ àwọn. Wọ́n ní Rùfáì ti gbà pé òun ló ṣe é. Mo ní, ẹ ò rí i? Ó jẹ́wọ́ níkẹyìn. Mo ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n máa lọ, kí ẹnì kankan nínú wọn má ṣe dé ibi ìgbéyàwó mi." Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan, ẹ̀rín tí Bímpé kò mọ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. "Wọn ò tilẹ̀ lè dìde dáadáa. Ìyàwó ilé kejì ló wá gbé wọn nílẹ̀."

Bímpé wo ilẹ̀ tó dúró sí. Ó sún kúrò níbẹ̀. Ó ṣí báàgì rẹ̀.

"Báńjọ."

"Ẹ̀n?"

"Gba èyí."

Adébánjọ gbé ojú sókè, ó rí àpò ìwé, ojú rẹ̀ sì tàn bíi ti ọmọ kékeré. "Lẹ́tà? Èmi tí a jọ ń rí ara wa lójoojúmọ́? Bímpé mi, ìfẹ́ ti sọ ẹ́ di akọ̀wé." Ó ju bírò sílẹ̀, ó na ọwọ́. "Má bínú o, ọwọ́ òsì ni mo fi gbà á."

Bímpé kò tètè fi í sílẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, àwọn méjèèjì ló di lẹ́tà náà mú, ọ̀kan ní etí ìhín, ọ̀kan ní etí ọ̀hún, Adébánjọ sì ń rẹ́rìn-ín sí i pé kó má ṣeré mọ́. Lẹ́yìn náà ni Bímpé jọ̀wọ́ rẹ̀.